Vespa Bàbá Mi àti Onípààtì Ọ̀nà Jíjìn: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Máṣíìnì Ítálì l'Ékìtì

Ọ̀sán kan péré ni wọ́n fi ba sílíńdà mi jẹ́, oṣù mẹ́rin ni mo fi tún un ṣe. Písítìn Vespa mi, ìyẹn irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sílíńdà, ló gan mọ́nú rẹ̀, mo tú u, mo gbé sílíńdà lọ fún ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ gẹ́ irin ní Adó pé kó bá mi wò ó. Mo ní kó wò ó o, n kò ní kó gẹ́ ẹ. Kí n tó jẹ ẹ̀kọ tán ní òdìkejì títì, ó ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo padà dé, inú sílíńdà ń dán bí awo tánganran. Ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti mọ́. Ẹ lọ ra písítìn wá."

Níbo? Písítìn tí Vespa 150 Sprint bá jáde nílé-iṣẹ́, mìlímítà 57 ni ìbú rẹ̀. Bí sílíńdà bá ti jẹ, písítìn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ wà, àmọ́ 0.2, 0.2 ló ń gùn: 57.2, 57.4, 57.6. Ihò tí wọ́n gẹ́ fún mi ti kọjá 57.4, kò sì dé 57.6. Kò sẹ́ni tó ń ṣe písítìn àárín méjèèjì. Ó di dandan kí n wá 57.6, kí n dúró dè é, kí n fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó sì fi písítìn náà wọn ihò bó ṣe ń gẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fo ìpele méjì nù lára sílíńdà tí kò ní ju mẹ́ta lọ.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé díílà, ìyẹn onípààtì, kọ́ ni ìṣòro wa l'Ékìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà. Ohun tí ènìyàn bá gbé lọ bá díílà ló ń pinnu ohun tí díílà máa gbé fún un. Bí ẹ bá ní "ẹ bá mi fi písítìn Vespa ránṣẹ́," písítìn Vespa kan ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ lóòótọ́, Vespa ẹlòmíràn ni.

Bàbá mi ló ni máṣíìnì náà. Tíṣà ni wọ́n, owó Udoji tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́ ní 1975 ni wọ́n fi rà á. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, adìẹ ń yé sórí ibi ìfẹsẹ̀lé rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó jí i dìde. Àwọn tí mo kọ èyí fún ni ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nílé yín ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò, ní Ìkọ̀lé, tí aṣọ tapólì bò ó mọ́lẹ̀, tí ẹ sì ń rò ó bóyá ó lè padà sórí títì. Ó lè padà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ní

Piaggio ní ìlú Pontedera ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Vespa ní 1946. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán rẹ̀, onímọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni, kò tilẹ̀ fẹ́ràn alùpùpù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mọwọ́ Boxer tàbí TVS bá dé ìdí Vespa, ojú rẹ̀ á ṣú. Yóò wá ṣéènì, kò ní rí ṣéènì. Ẹ́ńjìnì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan, táyà ẹ̀yìn wọ ara gíábọ́ọ̀sì tààrà. Kílọ́ọ̀ṣì àti gíà wà lọ́wọ́ òsì papọ̀: ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yí ọwọ́ kan náà. Vespa lédè Ítálì, agbọ́n ni, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń kùn gòkè Ìyìn láàárọ̀.

Nọ́ńbà ni kí ẹ wá. Ẹ ṣí páánẹ́lì ọ̀tún, lára bọ́dì lábẹ́ ibẹ̀ ni nọ́ńbà ṣáàsì wà. Ti ẹ́ńjìnì wà lára apá ẹ́ńjìnì, nítòsí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti dì mọ́ ọn. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó ni ẹ fi máa rí i, nítorí gírísì ogójì ọdún ti bò ó. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VLB1T lára ṣáàsì, VLB1M lára ẹ́ńjìnì. T dúró fún telaio, ìyẹn ṣáàsì lédè wọn. M dúró fún motore, ìyẹn ẹ́ńjìnì. VLB ni Sprint. VBB jẹ́ 150 ti àwọn ọdún 1960. VLX ni PX 150, VSX sì ni P200E tó lágbára jù wọ́n lọ.

Ẹ wo méjèèjì, ẹ má wo ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ Vespa àtijọ́ ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí. Bí ṣáàsì bá ní VLB, tí ẹ́ńjìnì ní VLX, ẹ́ńjìnì PX lẹ ń gbé kiri nínú aṣọ Sprint, písítìn yín sì ti di 57.8 láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa bá onípààtì jà láìnídìí.

Kí ẹ ra ìwé kékeré kan, ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ojú ewé kìíní, nọ́ńbà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tí ẹ bá yọ, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ìwé yìí ṣe pàtàkì ju àpótí sípánà lọ. Tèmi ti rùn fún epo, iyawó mi kò jẹ́ kó wọ yàrá.

Epo àti ọ́ìlì: ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń kú

Vespa àtijọ́, ẹ́ńjìnì tú-sítírókù ni. Kò ní àgbá ọ́ìlì tó ń fi yí ara rẹ̀ nínú. Ọ́ìlì tí ẹ bá pò mọ́ epo bẹntiróòlù ni písítìn ń mu. Ìwọ̀n rẹ̀ fún Sprint àti PX ni ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mìlílítà 20 sí lítà 1 epo. Lítà 5, mìlílítà 100.

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ má sì fi ìdérí ike wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ sí ilé ìtajà oògùn, ẹ ra síríńjì mìlílítà 20. Síríńjì kan, lítà kan. Kò sí ìṣirò tó rọrùn jùyẹn lọ. Nínú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ tó dà á sí táńkì. Bí ẹ bá da ọ́ìlì lọ́tọ̀ sínú táńkì tí epo wà, ìsàlẹ̀ ni yóò rọ̀ sí. Kábúrétọ̀ á kọ́kọ́ mu ọ́ìlì kí púlọ́ọ̀gì kú, lẹ́yìn náà á wá mu epo gbẹrẹfu kí písítìn gan.

Irú ọ́ìlì wo? Ọ́ìlì tú-sítírókù. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀: òun ni a ń lò fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-pass-my-neighbour, òun náà ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gégi ń lò nínú igbó. Ẹ ra èyí tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì mọ́tò kò ṣeé fi dípò rẹ̀, kò ṣeé jó nínú ẹ́ńjìnì báyìí, ẹ̀gbin ló ń fi sílẹ̀. Mo sì mọ àwọn bàbá kan tó máa ń sọ pé "fi ọ́ìlì kún un, kò ní pa á lára." Ó ń pa á lára. Bí ọ́ìlì bá pọ̀, epo tó ń dé ọ̀dọ̀ písítìn á dín, púlọ́ọ̀gì á dúdú, sàlẹ́ńsà á dí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí epo tí kẹ́míkà mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, rọ́bà inú kábúrétọ̀ mi wú bí ẹ̀wà inú omi. Láti ìgbà náà, epo àkọ́kọ́ tí mo bá rà níbi tí n kò mọ̀, inú ìgò funfun ni mo ń kọ́kọ́ da díẹ̀ sí, kí n wò ó bóyá omi wà nísàlẹ̀.

Bí ẹ bá ti dúró, ẹ ti epo pa lábẹ́ ìjókòó. Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ tó ti jẹ kì í dá epo dúró. Òru ni epo máa rọra ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnì, tí ẹ ó fi gbá kíìkì láàárọ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi ro yín. Ìgbà ọyẹ́, tí eruku pupa bo gbogbo nǹkan láti Ọ̀mùò dé Ẹ̀fọ̀n, ẹ yọ àsẹ́ afẹ́fẹ́ orí kábúrétọ̀. Àwọ̀n irin ni, epo bẹntiróòlù lẹ ó fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fẹ́ ẹ gbẹ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní kí ẹ ju àsẹ́ yìí nù pé "kó lè mí dáadáa." Ó máa mí lóòótọ́. Eruku ló máa mí sínú.

Òkè Ẹ̀fọ̀n

Èyí kò sí nínú ìwé tí wọ́n kọ fún títì pẹrẹsẹ, Èkìtì ló kọ́ mi. Láti Arámọkọ lọ sí Ìtawuré títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òkè lọ, òkè bọ̀. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò, bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á fi gíà kékeré mú un, á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo. Lórí Vespa, ìwà yẹn ń pa písítìn. Ẹ rántí pé inú epo ni ọ́ìlì wà. Bí ẹ bá ti epo pa tí ẹ́ńjìnì sì ń yí gidi nítorí òkè ń tì í, kò sí ọ́ìlì tó ń wọlé. Ó ń yí lógbẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe gan. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gíà kẹta, epo títì pa, ara mi balẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi. Mo gbọ́ "kuuu" kékeré kan bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi èékánná ha àwo, táyà ẹ̀yìn dúró, máṣíìnì ń fì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ mi wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Nísinsìnyí, bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, ní gbogbo ìgbà díẹ̀ ni mo ń fa kílọ́ọ̀ṣì, kí n fún un lépo lẹ́ẹ̀kan, "vùúm", kí ọ́ìlì lè dé ibi tó yẹ. Bíréèkì ni mo sì fi ń dín eré kù. Ẹ kọ́ ọmọ tí ẹ bá yá a báyìí kó tó gbé e jáde nílé.

Púlọ́ọ̀gì àti iná

Púlọ́ọ̀gì ni dókítà tí kì í gba owó. Ẹ sáré dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á lójijì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá pọ́n bí àwọ̀ kọfí onímílíìkì, ara rẹ̀ dá. Bó bá dúdú tó sì tutù, ọ́ìlì ti pọ̀ tàbí àsẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Bó bá funfun bí eérú, ẹ dúró o, ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Epo kò tó tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibi tí kò yẹ, písítìn ló kàn.

NGK B7HS ni tèmi ń lò, àlàfo ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 0.6. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà wà nínú lẹ́tà yẹn. H túmọ̀ sí pé gígùn ibi tó ń wọ orí sílíńdà jẹ́ 12.7. Bí ó bá jẹ́ E, bíi B7ES, ó ti di 19. Níta, ojú kan náà ni wọ́n ní, ó sì máa wọlé, ó máa yí dé ìdí. Ẹ gbá kíìkì lẹ́ẹ̀kan, písítìn á gbé orí lu ẹnu rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó ní "ìkan náà ni, ọ̀gá" kò purọ́ fún yín, kò mọ̀ ni. Ẹ fi ti àtijọ́ àti ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Sprint ń lo kọ́ńtáàtì-sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré méjì tó ń pàdé tó ń túká lábẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, wíìlì tó ń yí láti pèsè iná. Fèrèsé wà lójú mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè gbà wò ó. Ẹ fi ọwọ́ yí mágínẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí irin méjèèjì á fi túká jù, kí ẹ fi fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo, wọ̀n ọ́n, fílà géèjì o, kì í ṣe fìlà orí. Láti 0.3 sí 0.5 ló yẹ kó jẹ́, 0.4 ni mo ń fi tèmi sí. Bí ojú irin náà bá ti dúdú, ẹ fi pébà líle tí ẹ rì sínú epo ha á. Bó bá ti jìn kòtò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí máṣíìnì bá ń jí láàárọ̀ dáadáa, tó sì ń kú nígbà tó bá gbóná, tó tún jí lẹ́yìn tó tutù, kọ́ńdẹ́ńsà, agolo kékeré tó ń bá kọ́ńtáàtì-sẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n ti fi àìsàn yẹn ta kábúrétọ̀ tuntun fún mi rí.

Iná Sprint, fóòtì 6 ni. Gílóòbù fóòtì 12 á wọ̀ ọ́, á sì máa tàn bí iná àtùpà elépo.

Gíábọ́ọ̀sì, àti síìlì méjì tó ń sọ̀rọ̀

Ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì jẹ́ SAE 30, mìlílítà 250. Kò pọ̀ ju ife tíì kan lọ. Kílọ́ọ̀ṣì wà nínú ọ́ìlì kan náà, nítorí náà kí ẹ má lo ọ́ìlì mọ́tò ìgbàlódé tí wọ́n pò nǹkan sí kó lè máa yọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó ro tán, ẹ dì í, ẹ da tuntun sí i títí tí yóò fi kan ẹnu ihò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń ṣe é, ṣáájú òjò àti ṣáájú ọyẹ́.

Àmọ́ kí ẹ tó da ti àtijọ́ nù, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kíránkì, irin tí písítìn ń yí, ní ọ́ìlì síìlì méjì, ìyẹn rọ́bà roboto tí kì í jẹ́ kí nǹkan jò kọjá. Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló dá epo àti ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ní ọ̀nà. Bó bá ti jẹ, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì á máa gùn wọ inú ẹ́ńjìnì: èéfín funfun á bo gbogbo àdúgbò, ọ́ìlì tí ẹ dà sí i á pòórá láìsí pé ó jò sílẹ̀. Nígbà mìíràn epo ni yóò bọ́ sínú ọ́ìlì, ẹ ó sì gbóòórùn bẹntiróòlù nínú rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì kì í rú èéfín. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó wọlé. Ẹ ó dẹwọ́ epo, ẹ́ńjìnì kò ní dẹ̀, á máa ké lọ sókè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ pa á kíá. Síìlì olówó kékeré ni, písítìn ló ń pa.

Kí ni ìdí tí mo fi ń pẹ́ níbí? Nítorí pé ìwọ̀n síìlì àti bíárìn wà lára wọn. Síìlì ń gbé nọ́ńbà mẹ́ta: ìbú inú, ìbú ìta, àti nínípọn. Bíárìn tí wọ́n kọ 6204 sí lára, 20 ni inú rẹ̀, 47 ni ìta, 14 ni nínípọn, ìbáà ṣe Ítálì, Jámánì tàbí Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Púpọ̀ nínú irú nǹkan wọ̀nyí, ẹ ó rí wọn ní ṣọ́ọ̀bù oníbíárìn láìdárúkọ Vespa rárá. Bí ẹ bá dárúkọ Vespa, owó á gòkè. Ẹ kàn ka nọ́ńbà láti inú ìwé yín.

Àwọn tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀

Sàlẹ́ńsà: bí máṣíìnì bá ti ń rọ̀ lórí òkè tí kò sì sí ohun mìíràn tó ṣe é, ẹ yọ ọ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Èédú ọ́ìlì ló dí i. Ẹ jó o, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ fọ orí sílíńdà nígbà kan náà.

Okùn kílọ́ọ̀ṣì àti ti gíà: ẹ pààrọ̀ wọn kí wọ́n tó já. Ẹ fa ti inú jáde láti ìdí ọwọ́, ẹ fi gírísì pa tuntun, ẹ tì í wọ inú ike rẹ̀. Bí ike fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ẹ má fà á jáde lásán o. Ẹ so tuntun mọ́ ìdí ti àtijọ́ kí ti àtijọ́ lè fà á gba inú bọ́dì kọjá. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ á fi ọ̀sán kan wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Nọ́ọ̀tì àárín táyà ẹ̀yìn: ẹ rí i pé ó le, kí pín tó dì í mú sì wà níbẹ̀. Bó bá tú, eyín inú họ́ọ̀bù á jẹ tán, ẹ́ńjìnì á máa yí, ẹ̀yin á dúró.

Táyà jẹ́ 3.50-10. Atẹ́gùn iwájú psi 18, ẹ̀yìn 25 bí ẹ bá dá gùn ún, 36 bí ẹ bá gbé ènìyàn. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún fọkanáísà yín: rímù Vespa jẹ́ méjì tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dì pọ̀. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ jáde tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn. Mo bá ọmọkùnrin kan ní Adó tó ti tú mẹ́ta, táyà ṣì le gbọin. Mo pariwo débi pé ẹlẹ́kọ òdìkejì sá dìde. Bó bá tú ìyókù, rímù ni ìbá fò lù ú lójú.

Bí a ṣe ń bá díílà sọ̀rọ̀

N kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékìtì tí ẹ lè wọ̀ kí wọ́n gbé kíránkì Sprint fún yín láti orí pẹpẹ. Ohun tó wà nítòsí ni ọjà pààtì Gate n'Íbàdàn àti àwọn onípààtì l'Ékòó. Ní ìlà oòrùn, Nnewi ni olú-ọjà pààtì máṣíìnì. Lókè òkun, SIP ní Landsberg àti Scooter Center nítòsí Köln, Jámánì ni méjèèjì, ń ta pààtì Vespa àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwòrán àti lẹ́tà ṣáàsì tó bá a mu. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní rà lọ́wọ́ wọn, ẹ lọ wo ojú ìwé wọn kí ẹ lè mọ bí pààtì yín ṣe yẹ kó rí.

Íńdíà ni ìrànlọ́wọ́ wa tó tóbi jù. Bajaj gba àṣẹ lọ́wọ́ Piaggio láti máa ṣe Vespa títí di 1971. Nígbà tí àṣẹ tán, wọ́n gbé Chetak jáde ní 1972, ara Sprint ni wọ́n gbé e lé. Okùn, àwo kílọ́ọ̀ṣì àti kọ́ńtáàtì-sẹ́ẹ̀tì Chetak ti bá mi ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ sì kéré. LML náà wá láti Íńdíà, àmọ́ ìbátan PX nìyẹn. Ẹni tó bá ní Sprint kó má ra písítìn LML 150: 57.8 ni, kò lè wọlé. Ẹni tó ní PX náà kó ṣọ́ra, torí ọ̀nà tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnì ọ̀pọ̀ LML yàtọ̀, kíránkì wọn kò ṣeé fi pààrọ̀ ara wọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo yọ pààtì tó bàjẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lé pébà funfun, mo fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ya fọ́tò láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Mo fi fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni mo wá kí onípààtì, nítorí ẹni tí a kò kí kì í wo inú àpótí ìsàlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú ọjà. Ẹ bá mi wo èyí, VLB1M ni ẹ́ńjìnì." Bó bá ní òun ní in, mi ò sanwó síbẹ̀. Mo ní kó fi rúlà sí tirẹ̀ náà, kó ya fọ́tò. Ẹni tó ní in á ṣe é láàárín wákàtí kan. Ẹni tó fẹ́ lọ wá a kiri ló máa ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo ti fọkàn balẹ̀ rí. Ẹnì kan gba owó kíránkì lọ́wọ́ mi, ó fi ránṣẹ́ nípa wébíìlì. Mo lọ gbà á ní gáréèjì, mo já páálí níbẹ̀: Béljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù, tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn ni. Owó ti lọ. Láti ìgbà náà, ìdajì ni mo ń san fún ẹni tí n kò mọ̀, ìyókù di ìgbà tí ẹrù bá dé, tí ẹnì kan sì ti wò ó. Bí mo bá ní ará níbẹ̀, òun ni mo ń rán lọ pẹ̀lú ìwọ̀n lórí pébà. Ẹ má fi pààtì àtijọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní ránṣẹ́ láìya ìrísí rẹ̀ sórí páálí. Bó bá sọnù lọ́nà, kò sí ohun tí ẹ ó fi wọ̀n òmíràn mọ́.

Ẹni tó bá sì ti ta ojúlówó fún yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ di ẹbí rẹ̀. Mo máa ń pe onípààtì mi l'Ékòó nígbà tí n kò ní ohun tí mo fẹ́ rà. Lọ́dún ìjẹṣu, mo fi iṣu mẹ́fà ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí sẹ́ẹ̀tì gásíkẹ́ẹ̀tì Sprint kan bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, mi ò tíì béèrè, ó ti pè mí.

Ta ló máa fọwọ́ kàn án?

Mẹkáníìkì ọ̀kadà dára fún bíréèkì àti wáyà. Fún inú ẹ́ńjìnì, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìgégi ṣe ni kí ẹ lọ bá. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tú ẹ́ńjìnì tú-sítírókù, wọ́n mọ síìlì, wọ́n mọ písítìn tó gan. Bàbá tó ń tún tèmi ṣe kò tíì gun Vespa rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnì lọ, wọ́n yí i lọ yí i bọ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ìgégi tó ní gíà mà ni eléyìí." Láàárín wákàtí méjì wọ́n ti tú u. Kí ẹ dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìwé yín, kí ẹ rí i pé ọfà orí písítìn kọjú sí sàlẹ́ńsà nígbà tó ń padà wọlé, kí ẹ sì ka nọ́ọ̀tì tó ṣẹ́kù sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ písítìn tuntun, ẹ rọra gùn ún fún kìlómítà 1000 àkọ́kọ́. Ẹ má tíì gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n.

Nínú àpótí ẹ̀gbẹ́ òsì Vespa bàbá mi, agolo Bournvita kan wà níbẹ̀ láti ayé wọn. Púlọ́ọ̀gì kan tí àlàfo rẹ̀ ti wà ní 0.6, okùn kílọ́ọ̀ṣì kan pẹ̀lú ìdè rẹ̀, kọ́ńdẹ́ńsà, sípánà púlọ́ọ̀gì, àti síríńjì. Síríńjì nìkan lèmi fi kún un.